Kí Darla Tó Wọ Kóòtù Lọ́jọ́ Ajé

Alága wa, Norma Skogen, àgbà lọ́ọ̀yà tó gbà mí síṣẹ́ nígbà tí irun ṣì pọ̀ lórí mi, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ọ́fíìsì wa, mo kí yín. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi wá awò ojú mi nígbà tó bá wà lójú mi, mo kí yín o. Darla Moen, ìwọ tí à ń jà fún, tí o tún yan kéèkì wá fún wa, mo kí ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ ní kí n wá dágbére. Ẹ wo oúnjẹ tó wà lórí tábìlì yìí! Ẹran lílọ̀ àti ọ̀dùnkún tí Norma yan sínú àwo ńlá, kọfí tó ń rú èéfín. Ṣùgbọ́n ta ló lè jẹun? Ọ̀tunla, lọ́jọ́ Ajé, ni ẹjọ́ Darla bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ níhìn-ín ní Fargo, dókítà sì ti ní ọkàn mi ò gba wàhálà kóòtù mọ́. Látìgbà tí mo ti ń ṣe lọ́ọ̀yà, mi ò fi ẹjọ́ kankan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rí. Èyí tó kẹ́yìn ni mo wá ń fi sílẹ̀.

Kristin Dahlgaard ló máa dúró nípò mi. Kristin, má wolẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ẹjọ́ yìí tó o? Ó gun orí àká, ó lọ fojú ara rẹ̀ wo ẹ̀rọ tó ń fa ọkà, èyí tó fa Gene, ọkọ Darla, wọlé tó sì pa á, tí a fi pe àwọn tó ṣe é lẹ́jọ́. Ó bi ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà léèrè ìdí tí wọn ò fi fi irin bo ẹnu rẹ̀, títí ọkùnrin náà fi ń mu omi léraléra. Nígbà mìíràn mo máa ń pariwo mọ́ ọn lórí ohun tí èmi fúnra mi ò ṣe dáadáa. Á kàn ní, "Walter, ẹ lọ jẹun, ebi ló ń pa yín." Òótọ́ sì ni, ebi ni.

Ẹ mọ bí kóòtù wa ṣe rí. Àwọn júrì tó máa dá ẹjọ́ náà, àgbẹ̀, tíṣà, awakọ̀, ará ìlú lásán, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wo Darla tí kò gbà á gbọ́, iṣẹ́ wa já sófo. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn aládùúgbò jọ sínú yàrá yìí lánàá, tí a fi wọ́n ṣe júrì, tí a ní kí Darla sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún wọn. Ó sọ ọ́, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú mi dùn dẹ́yìn! Ni ìyá kan tó ń yan búrẹ́dì bá nawọ́: "Ẹ má bínú o, ṣé ọkọ obìnrin yìí kú lóòótọ́? Ó ń sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ibùdókọ̀."

Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀? Àwa náà ni! Bó bá ní "ó dà bíi pé," a ní kó yọ ọ́. Bó bá dákẹ́, a ní kó má dákẹ́. A kọ́ ọ, a tún un kọ́, títí a fi ha ìbànújẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó dé, mo bá Darla níbi tó ti ń to kéèkì. Mo na kọ́ọ̀bù sí i, mo ní, "Darla, jọ̀ọ́, bu kọfí fún mi." Ó gbé kọfí náà, ó tún gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Ohun tí Gene wí láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"A ti ń bára wa jà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ní, 'Ṣé o ò lọ́wọ́ ni? Bù ú fúnra ẹ.' Ó rẹ́rìn-ín, Walter. Ó bù ú, ó mu ún, ó jáde lọ. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè wò ó."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kò wúlò fún ẹjọ́."

Darla, ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ ọ́ níwájú wọn? Ẹ gbọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kristin, mo rí ojú ẹ. Ohun tí ò ń rò, èmi náà ń rò ó. Lọ́ọ̀yà àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà á dìde, á ní ìjà ilé ló gba ọkàn Gene tí kò fi wo ibi tó ń tẹ̀. Júrì sì lè gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bi Darla. Bi í pé kí ni Gene bá a sọ gbẹ̀yìn, kí o sì panu mọ́. Bó bá dákẹ́, jẹ́ kó dákẹ́. Má ràn án lọ́wọ́.

Èmi á wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, láàárín àwọn tó wá wòran, níbi tí mi ò ti ní lè dìde takò ẹnikẹ́ni. Norma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di aṣọ mi mú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín. Ẹ ò ní sọ òótọ́ kí wọ́n má gbà yín gbọ́. Bí ẹ bá ń jáde nílé, ẹnì kan á gbójú sókè wò yín, ẹ ó sì padà wá bá a.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Darla, jókòó, má dìde. Gbé kọ́ọ̀bù ẹ wá, èmi ni n ó bu tìẹ.