Fọ́tò Kan Ṣoṣo Tí Màmá Gbà Láti Yà

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi, fi abẹ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lo tíì fá, èyí tó kù ò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó dàgbà ju àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ, n kò sì fẹ́ kí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tó bá jáde. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ jókòó. Dókítà fi ohùn kẹ́lẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n kíndìnrín ló bàjẹ́ lára mi, kì í ṣe etí. Ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rìn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ẹ wo fọ́tò òkè àti adágún tó wà lára ògiri yẹn, èyí tí ẹ fi ń yangàn fún àlejò pé, "Bàbá wa ló yà á, òun ló wà lójú kàlẹ́ńdà lọ́dún náà." Èmi kọ́ ni mo yà á. Jẹ́jẹ́, ọkùnrin tó jókòó síbí yìí, tó ń wá fá irùngbọ̀n mi láràárọ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, òun ló yà á. Ẹ má tíì pariwo, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ayàwòrán ni àwa méjèèjì nígbà náà. Ayé fíìmù ni, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà èmi ni mo ń fọ tèmi àti tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní kí àwọn ayàwòrán mú àwòrán òkè yẹn wá, kí àwọn lè mú èyí tó dára jù sójú kàlẹ́ńdà. Àwa méjèèjì gba yàrá nílé àlejò tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú. Jẹ́jẹ́ mú ìyá rẹ̀ dání, ó ní kí Màmá lọ gba afẹ́fẹ́, torí ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé Màmá kì í ya fọ́tò. Ọmọ wọn ń ya gbogbo ayé, ṣùgbọ́n bó bá ti kọ kámẹ́rà sí wọn, wọ́n á fọwọ́ bojú, wọ́n á ní, "Ojú tí mo gbé wá, ẹ jẹ́ n gbé e lọ." Kò sí fọ́tò wọn kankan nílé, kékeré tàbí ńlá.

Afẹ́fẹ́ wo la fẹ́ gbà? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí á tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òkè ò hàn, adágún ò hàn, igi méjì àti okùn ìsáṣọ nìkan là ń rí lójú fèrèsé. Mo bú òjò, mo bú onílé, mo bú ẹni tó dá kàlẹ́ńdà sílẹ̀. Màmá ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Fọ́tò, ṣé ìwọ lo rán òjò níṣẹ́ tó ò fi jẹ́ kó simi?" Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta yẹn, nígbà tí ọwọ́ gbogbo wa dilẹ̀, wọ́n ṣàdédé fa àga sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n yọ jígí ojú wọn. "Ó dáa, Jẹ́jẹ́, yà mí, kí ìwọ náà má bàa wá lásán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o! Bó o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, màá fọ́ ẹ létí." Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òjò dá díẹ̀. Jẹ́jẹ́ jí mi. "Dìde, oòrùn fẹ́ yọ lórí òkè!" Mo fa aṣọ borí. "Òjò tó ti ń rọ̀ láti ìjẹta? Fi mí sílẹ̀ jàre." Ó jáde láìwọ bàtà. Nígbà tó fi máa padà, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀, òjò sì tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣubú lọ́nà, ìdérí ẹ̀yìn kámẹ́rà sì ń mì. "Mo rí i yà, àmọ́ ṣé ìmọ́lẹ̀ ò ti wọ inú ẹ̀ báyìí?" Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé irọ́ lé mi lọ́wọ́, kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fọ fíìmù rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kankan ò kàn án. Mo gbé e sókè sójú iná kí n lè wò ó: Màmá rèé lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú kan ò sí níbẹ̀. Àwòrán tó tẹ̀ lé tiwọn ni òkè náà, tí oòrùn la ìkùukùu kọjá sórí adágún. Mo ní ṣé èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tí mo ń bá fọ fíìmù rẹ̀ máa gba iwájú mi, torí pé mo sùn? Ìlara ni, ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un. Mo ṣí fíìmù tuntun kan sí ìmọ́lẹ̀, mo fọ̀ ọ́, ó dúdú látòkèdélẹ̀. Ìyẹn ni mo nà sí Jẹ́jẹ́ nígbà tó dé. "Ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́, kò ku nǹkan kan." Kò béèrè òkè. Ó ní, "Ti Màmá ńkọ́?" Mo ní ó ti bá a lọ. Ó ní, "Ẹjọ́ mi ni. Ta ló ní kí n máa sáré nínú ẹrẹ̀?" Ó bẹ Màmá pé kí òun tún wọn yà. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan làwọn sọ.

Mo gbé àwòrán òkè lọ fún àwọn onítẹ̀wé. Mo sọ fún Jẹ́jẹ́ pé èmi nìkan padà lọ yà á nígbà tí òjò dá, ó sì bá mi yọ̀.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Lọ́jọ́ kọkànlá tí a padà dé, Màmá kú. Jẹ́jẹ́ mú fíìmù dúdú yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró ti tábìlì. "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi tún un wò. Bó bá ṣe òjìji ojú wọn lásán ni, màá gbà á." Fíìmù rẹ̀ gidi wà nínú tábìlì tó fara tì. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi Màmá hàn án, òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lára fíìmù kan náà, yóò sì mọ ẹni tó yà á. Mo wo ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, mo ní, "Kò sí." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi o, ó dúpẹ́! Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbé fọ́tò olóògbé síwájú pósí, jígí ojú Màmá ló gbé síbẹ̀. Èmi ni mo ya àwòrán ìsìnkú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kó kámẹ́rà tirẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ní ọwọ́ tó ba fọ́tò ìyá òun jẹ́ kò yẹ kó ya ti ìyá ẹnikẹ́ni, ó sì lọ ń to ìwé ní ilé ìkàwé títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ṣe ibi, kó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìtìjú rẹ̀ ṣì kéré. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ìtìjú mi ò ju ti wákàtí kan lọ. Àkọ́bí mi, fa agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Má gbé e fún mi, òun ni kó o gbé e fún. Fíìmù náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Jẹ́jẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ń bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Kọ́kọ́ wo ìyá rẹ ná. Bó o bá wò wọ́n tán, abẹ wà lórí tábìlì. Bó bá ṣe pé o kò lè fá èyí tó kù mọ́, n kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fá a. Ojú tó o bá fi sílẹ̀ fún mi lónìí ni màá gbé lọ.