Àwọn Tó Ń Gbin Wúrà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí akọrin sinmi díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi Ìyá Dúró kì í fi ìran ṣeré, n kì í sì í lá àlá lójoojúmọ́ bí àwọn kan láàárín wa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí lọ́jọ́ Ẹtì, bí mi ò bá sọ ọ́, n kò ní í gbádùn ara mi mọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àbúrò mi, Délé, ń wa wúrà. Etí odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wúrà máa ń wà láàárín rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé lábẹ́ ilẹ̀, títí ó fi gba abẹ́ ògiri wọnú àgbàlá wa, tó wá dojú kọ ibojì bàbá wa. Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe gbààwẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí mo gbàdúrà tán lórí ilẹ̀ àánú, níbi iyanrìn àdúrà ìjọ wa, mo fi apá rọrí lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Mo rí arákùnrin kan tó dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ wá wò."

Mo ní, "Ṣé áńgẹ́lì ni yín, sà?"

"Rárá o. Èmi náà wa ilẹ̀ rí. Wọn ò rí òkú mi gbé jáde."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e. Ibi tí a kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀. Iná ńlá ń jó lẹ́nu páìpù, ó ń bú ramúramù, àwọn èèyàn sì jókòó yí i ká, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òkùnkùn ṣú káwọn lè sùn. Ó ní, "Àwọn yìí ló ń fa epo rọ̀bì, tí wọ́n ń sun gáàsì rẹ̀ dànù, igi tútù sì làwọn aládùúgbò wọn fi ń dáná."

A kọjá lára àwọn tí eruku funfun dí lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n fọ́ òkè kan tán nítorí sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì purọ́ fún àwọn onílẹ̀ pé eruku náà kò lè ṣe ọmọ wọn ní nǹkan kan. Wọ́n ń wúkọ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni ká lo ohun inú ilẹ̀ ni?"

"Rárá. Kẹrosíìnì inú àtùpà yín, ilé tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì kọ́, òrùka ọwọ́ yín, inú ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, Ọlọ́run ló sì fi í síbẹ̀. Ẹni tó lò ó bíi pé òun ló máa gbẹ̀yìn ayé ni wọ́n kó wá síbí."

Ló bá mú mi dé oko kan. Ebè lọ súà, ojú ò tó òpin rẹ̀. Àwọn alágbára ayé wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíì ń gbin wúrà, ẹlòmíì ń gbin èédú, ẹlòmíì ń da epo rọ̀bì sínú ebè. Wọ́n á bò ó, wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á tún hú u wò, bí wọ́n ṣe gbìn ín náà ni wọ́n á ṣe bá a. Ó ní, "Wọ́n ní kí wọ́n dá iye tí wọ́n kó padà kí wọ́n tó lè sinmi. Kì í hù." Àánú wọn ṣe mí. Mo sunkún fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí bàbá mi. Ibi tó wà tutù, ó ní koríko àti odò tó mọ́ gaara, wúrà sì ń tàn nísàlẹ̀ odò náà, kò sẹ́ni tó yà sí i. Ẹ̀yin àgbà rántí bàbá mi. Iṣu kì í wọ ìkòkò nílé wa kó má tíì gé orí rẹ̀ sílẹ̀ fún gbígbìn. Bí a bá ráhùn, á ní, "Ti ọmọ yín nìyẹn." Èbù náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dẹtí sílẹ̀, ó ní, "Ta ló ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ orí mi?" Wọ́n ní kò sí omijé lọ́run. Mo rí omijé lójú rẹ̀, ẹ̀yin ará.

Bí mo ṣe fẹ́ dì mọ́ ọn ni ilẹ̀ là, mo rí ihò, ó dúdú, ó jìn, omi ń wọ inú rẹ̀, ògiri ń ya lulẹ̀, mo ń ké, ohùn ò jáde, mo wo ẹnu ihò náà, mo rí bàtà rọ́bà tí wọ́n fi okùn pupa so, bàtà Délé, mo ní ta ló wà nínú rẹ̀, ta ló wà nínú rẹ̀? Arákùnrin náà ní, "Ẹni tó ni ín ò tíì dé."

Mo ta jí. Mo sáré lọ bá Délé. Ó gbọ́ mi tán, ó rọra rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ku díẹ̀ kí n kan èyí tó pọ̀. Tí mo bá ti kó o, mo ṣíwọ́."

Òjò rọ̀ mọ́jú òní, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn láàárín akọrin. Mo bi í lẹ́nu ọ̀nà pé ọkọ rẹ̀ dà, ó ní ó ti wọ ihò láti àárọ̀, pé òjò máa ń fọ òkúta náà síta, wíwà rẹ̀ sì máa ń yá.

Mo rí yín tí ẹ fẹ́ ṣe àmín. Ẹ má tíì ṣe é. Ẹni tó ń lu agogo, gbé agogo rẹ. Ẹ dìde, gbogbo yín, ẹ jẹ́ ká lọ pè é jáde.