Orúkọ Kan Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Inú ẹ̀wọ̀n ni n ó kú sí. Adájọ́ ti sọ ọ́, n kò sì bá a jiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ má tíì ṣàánú mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná.

Tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan ní Ìgàndó, wọ́n gbà mí pé kí n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn kò ṣe ní fara pa. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà, n ó kọ́ wọn fún wákàtí kan: ẹ dé akoto; ẹ má wọ abẹ́ kọnkéré tuntun nígbà tí wọ́n bá ń yọ igi tó gbé e dúró. Lẹ́yìn náà ni n ó pe orúkọ, n ó sì fàmì sí i. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé mi kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́.

Kàmọ́rù, olórí wọn, a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

“Bàbá Tísà, àbí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò fún wa ni? Oòrùn ti ń mú, jàre!”

Wọn a bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi, ni mo bá ń gé ẹ̀kọ́ kúrú. Nígbà tó yá, ilé ni mo ti ń fàmì sí orúkọ wọn, kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan, bíríkìlà tuntun kan wá láti Bàrúwà.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń kọ́ni kí á tó bẹ̀rẹ̀.”

“Lọ ṣiṣẹ́ ná, ọmọ mi. Bó bá di ọ̀sán, n ó kọ́ ọ.”

“Ṣé ẹ ò ní kọ orúkọ mi ni?”

“N ó kọ ọ́, ṣá.”

N kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ náà.

Lọ́sàn-án, wọ́n ń yọ igi abẹ́ àjà àkọ́kọ́. Mo rí bíríkìlà tuntun náà tó gbé oúnjẹ rẹ̀ wọ abẹ́ ibẹ̀ nítorí ibòòji. Mo lanu láti pè é, ṣùgbọ́n kí ni n ó pè é? Kọnkéré wó lé e lórí.

Nígbà tí àwọn tó ń yọni nínú ewu dé, ọ̀gá wọn bi mí pé, “Bàbá, ẹni mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbí?”

“Mọ́kànlá. Ẹ wò ó nínú ìwé. Gbogbo wọn rèé níta.”

Kàmọ́rù yíjú sí mi. “Bàbá, ẹni tó dé láàárọ̀ ńkọ́?”

Bí mo bá sọ òtítọ́, gbogbo ayé yóò mọ̀ pé mo jẹ́ kí ẹni tí n kò kọ́ wọlé iṣẹ́.

“Mo ti dá a padà sílé kí kọnkéré tó wó,” ni mo wí.

Wọ́n wo ewú orí mi, wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó bíríkìlà náà wá a wá. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Délé ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n wa òkú rẹ̀ jáde. Dókítà sọ ní kóòtù pé ó wà láàyè di ọjọ́ kejì. Èékánná rẹ̀ ti já tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọn kò bá tíì kọ́ yín, ẹ má gun àkàbà, wọn ì báà pè yín ní ọ̀lẹ. Bí ìwé orúkọ bá sì wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Délé ì bá yè ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ní àràárọ̀, wọ́dà máa ń pe orúkọ wa níbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pè mí, mo máa ń dáhùn. Á dúró, á wo ojú mi dáadáa, kó tó fàmì sí i.