Àkùkọ Tí A Rà Níbi Ìkórè

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹnu mi kò gba ọpẹ́ mi, orí mi pàápàá kò sì tíì gba ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Níbi ìkórè tó kọjá, nígbà tí a ń ṣe básà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, èmi ni mo ra àkùkọ pupa tí Pásítọ̀ gbàdúrà lé lórí. Ilé adìẹ méjì ni mo ní. Mo fẹ́ kó sùn sí ọ̀kan lónìí, kó sùn sí èkejì lọ́la, kí ìbùkún lè kárí. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tósìn, ṣé alága ìjọba ìbílẹ̀ ni, tó fi ń lọ káàkiri? Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi kan." Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo gbà, mo fi í sí ilé kìíní.

Kò pẹ́ náà ni ọrùn àwọn adìẹ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Lúkúlúkú nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ti fún wọn ní àjẹsára lúkúlúkú. A gbààwẹ̀, mo wọ́n omi àdúrà, wọ́n ṣáà ń kú. Àkùkọ ìbùkún nìkan ló ń kọ láàárín òkú.

Dọ́kítà ẹran, obìnrin kan láti Ìkéré, fi òwú nu ọ̀fun gbogbo wọn, ó fi ránṣẹ́ sí láàbù. Nígbà tí èsì dé, ó ní, "Bàbá, lúkúlúkú ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀. Wọ́n yẹ àbùdá kòkòrò náà wò, ó ti yí padà. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n àjẹsára yín kò dá ojú èyí mọ̀ dáadáa. Òun náà ló wà lára àkùkọ yín. Àrùn náà ti ṣe é rí, àkùkọ náà yè é, ó wá ń gbé e kiri."

Mo ní, "Àkùkọ tí a gbàdúrà lé lórí?"

Ó ní, "Kòkòrò kì í béèrè ibi tí wọ́n ti ra adìẹ, sà."

Ó ní ká pa á, ká sin ín, kí ẹni tó bá wọ ilé kìíní má wọ èkejì. Mo dúró ti kòtò náà, mi ò mọ àdúrà tí mo lè gbà. Ìyàwó mi ní, "Ẹ ṣáà ṣe àmín." Mo ṣe àmín.

Ilé kìíní pa rẹ́. Ní ilé kejì, adìẹ kankan kò kú. Ṣé àdúrà ló yọ wọ́n ni, àbí ẹnu ìyàwó mi, àbí Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu? Mo rò ó títí, kò yé mi. Ẹyin wọn rèé nínú apẹ̀rẹ̀ níwájú pẹpẹ, fún ìkórè tòní. Ẹ rà á, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́, ẹ bá mi fi ògo fún Ọba tó dá wọn sí. Ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra adìẹ ààyè lónìí, kó so ó jìnnà sí àwọn tilé ná.