Irin Àtẹ̀gùn Tí Ìyá Ọkọ Mi Fọwọ́ Yàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ràsákì, àkọ́bí mi tó ń gbé Èkó, ti bá àwọn jórinjórin sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá gé irin ìdìmú àtẹ̀gùn ilé wa dànù lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. "Mama, dis iron don old, e no dey shine at all. Na gold one people dey use now," ló wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dára. Ó dára kẹ̀! Ohun tí n kò lè sọ fún un, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún: ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Irin yẹn ni mo ń fọwọ́ tọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́. Bí Ràsákì bá fi lè mọ̀, Èkó ló máa gbé mi lọ, kí n lọ máa jókòó sílé rẹ̀ bí àlejò. Ilé ọkọ mi ní Warri yìí ni mo fẹ́ kú sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́ fún yín. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, aṣọ ló ń tà ní ọjà Igbudu nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú, tí gbogbo èèyàn ń kọ́ ilé bíi pé ilẹ̀ fẹ́ tán. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláró nígbà èwe ń gbé lọ́dọ̀ wa, ojú wọn sì ti fọ́. Ní ilé tí a háyà, wọ́n kun irin àtẹ̀gùn ní ọ̀dà fàdákà, àṣé ó ti dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá, irin náà ya wọ́n lọ́wọ́, ọwọ́ sì wú. Nígbà tó jinná, wọn ò gbà láti fọwọ́ kan irin mọ́. "Àlàbí, dá mi padà sí Ọ̀yọ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pọ̀n mí sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́." Ọkọ mi sunkún lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ni wọ́n bí. Ta ni yóò tọ́jú wọn lọ́hùn-ún?

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa ní àdúgbò Okumagba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà náà, irin àtẹ̀gùn ló kù. Góòlù ni èmi fẹ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọkọ mi bi ìyá rẹ̀ léèrè. Wọ́n ní, "Nígbà tí mò ń ṣe aró, n kì í ri odindi aṣọ láìkọ́kọ́ fi àkísà dán ìkòkò wò. Gé irin wẹ́wẹ́, kí o kó o fún òjò." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó lu ihò sí wọn lára, ó kun ọ̀kan ní góòlù, ọ̀kan ní fàdákà, ó kun ọ̀kan ní ọ̀dà pupa kí ó tó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé lé e, ó kun ọ̀kan ní ọ̀dà dúdú tí àwọn Ìlàjẹ fi ń kun ìdí ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bá àwọn elépo jórin fún un ní ọ̀kan tó ti ní ihò kí wọ́n tó rì í bọ inú síńkì yíyọ́. Ó so gbogbo wọn rọ̀ sórí okùn níwájú ilé. Hà, Warri! Kíá ni ìròyìn tàn pé Yorùbá aláṣọ ti gbé oògùn kọ́. Káfíńtà wa kọ̀, kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá: "Oga, abeg, comot dis tin! I get pikin for house!" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ó kéré tán, olè ò ní wá.

Òjò Warri rọ̀, èéfín iná gáàsì tí àwọn elépo ń jó bà lé wọn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó kó wọn sílẹ̀ lórí ẹní níwájú ìyá rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Góòlù ti lé ròrò, fàdákà ń ṣí. Ọ̀dà dúdú lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Aláwọ̀ ewé gbìyànjú, àmọ́ etí ihò rẹ̀ ti ń dípẹtà. Nígbà tí wọ́n kan onísíńkì, wọ́n ti ìka bọ ihò rẹ̀, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Àlàbí, àwọn tó kù, ara ni ọ̀dà wọn mọ. Èyí, wọ́n rì í ni, ó dé inú. Irin tí wọ́n rẹ láró rèé!"

Ọkọ mi kó gbogbo irin àtẹ̀gùn ilé wa sórí lọ́rì, ó di Èkó níbi tí wọ́n ti ń rì í bọ síńkì. Kí ó tó lọ, ó ní kí wọ́n jó kókó irin róbótó kan mọ́ òkè, kí wọ́n jó òmíràn mọ́ ìsàlẹ̀. N kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí wọ́n kó o dé, ó rí bí eérú, àwọn aládùúgbò ń kí wa pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí a kó wọlé, ìyá di irin mú, àwọn nìkan, wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìka wọn kan kókó ìsàlẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. "Mo ti délẹ̀! Àlàbí, mo délẹ̀!" A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ lẹ́nu wọn mọ́ títí Ọlọ́run fi pè wọ́n. Irú ọkùnrin wo nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi? Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láyé, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí.

Òun náà ti lọ. Irin rẹ̀ wà níbẹ̀, kò dípẹtà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí Ràsákì wá kí mi, ó na ìka sí kókó ìsàlẹ̀: "Mama, see as e be like boil!" Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìka mi ń wá láràárọ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dákẹ́, kí wọ́n gé e? Ṣé kí n sọ̀rọ̀, kí ó gbé mi lọ sí Èkó? Àbí kí n di ọwọ́ ọmọ mi mú lórí àtẹ̀gùn, kí n ní kó di ojú rẹ̀, kí ó bá mi sọ̀ kalẹ̀?