Mo Lọ Wá Ìlérí Ojú Ìyàwó Mi Lọ́run

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé dákẹ́, kí Wòlíì wa náà sì fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí yóò kàn wọ́n lára kó tó parí. Ẹ mọ̀ mí. Ìwé kẹta ni mo kà mọ, mo sì máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìran tí mo rí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, lórí ilẹ̀ àánú tí a ti ń gbàdúrà lẹ́yìn ilé ìsìn yìí, iyọ̀ ti wà nínú tirẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ mi.

Ẹ mọ Abígéèlì aya mi. Nígbà tí ohun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀ ọ̀tún, dókítà ojú ní ká tètè wá, kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Wòlíì dìde níbí, wọ́n lu agogo, wọ́n ní, "Báyìí ni Olúwa wí: ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ojú Abígéèlì. Kí ìkórè tó dé, yóò máa fi ojú náà ki òwú bọ abẹ́rẹ́." Wọn ò tíì parí gbólóhùn náà tí gbogbo wa ti ń ké Àmín, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ìkórè dé, ìkórè lọ. Ojú ọ̀tún kú pátápátá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí ni mo rí aya mi tó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ẹnu ọ̀nà yàrá tirẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, òsì náà ti ń ṣú o. Ṣé ká lọ sí ọsibítù ni, àbí ká ṣì máa dúró de Olúwa?"

Mo wá síbí, mo dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn. Ẹ má bínú, kì í ṣe ọpẹ́ ni mo ń dá. Mo ní, "Ọlọ́run, O dalẹ̀ mi. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló dalẹ̀ mi, ǹ bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn Ọ́. Ìwọ wá ńkọ́, ta ni kí n fi ẹjọ́ Rẹ sùn?" Mo ń wí i lọ bẹ́ẹ̀ títí oorun fi gbé mi.

Àfi bí ẹnì kan ṣe fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ mi ní ìhà. Ọkùnrin náà ga débi pé ìkùukùu bo orí rẹ̀. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀.

"Dáníẹ́lì, dìde. Ṣé ìwọ lò ń pe Olúwa lẹ́jọ́?"

Mo ní, "Èmi ni, ọ̀gá. Ìlérí tí Ó ṣe fún ìyàwó mi ni mo fẹ́ fojú rí."

"Ibi tí kò dára lọ̀nà ibẹ̀ gbà kọjá."

"Ẹ máa lọ, mo ń tẹ̀ lé yín. Ibi tí mo ti ń bọ̀ náà ò dára."

Bí a ṣe dé ẹnubodè ọ̀run àpáàdì, ooru kọ lù mí. Ẹyin adìẹ tútù kan wà nínú àpò sùtánà mi. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti sè jinná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Abígéèlì ló jẹ ẹ́ nígbà tí mo délé. Mo rí àwọn onírọ́ tí wọ́n ń rún òkúta jẹ bí ẹ̀pà, bí eyín wọn bá run tán òmíràn á hù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí àwọn alágbèrè, wọ́n so ẹ̀yìn wọn pọ̀, wọ́n ń bú ara wọn, wọn ò sì lè yíjú wo ara wọn mọ́ láé. Mo rí aninilára kan tó gba oko ọmọ òrukàn, ó ru odindi oko náà lórí, tòun ti igi kòkó, tòun ti ahéré àárín rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti wọnú àyà, ó ń pariwo pé kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó yà sí i, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀, mo fẹ́ pe Jésù, ahọ́n lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu mi!

Ìgbà náà ni mo gbọ́ agogo. Irú agogo tiwa yìí gan-an, ẹ̀yin ará. Àwọn tó ń lù ú wọ sùtánà bíi tiwa. Agogo náà pọ́n bí ẹ̀yinná, ó ti lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òjìji afọ́jú, òjìji arọ, òjìji ìyá tọ́mọ kú mọ́ lọ́wọ́, wọ́n tò síwájú wọn. Àwọn òjìji náà ò bú àwọn alágogo yìí, wọn ò nà wọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi wọ́n: "Ṣé Ó wí bẹ́ẹ̀?"

Amọ̀nà mi ní, "Àwọn yìí ló fi orúkọ Rẹ̀ ṣe ìlérí tí Kò rán wọn."

Agogo kan wà nílẹ̀ tí kò lọ́wọ́ lára. Mo ní, "Ta ló ni èyí?"

"Ẹni náà ṣì wà láyé. Ó ṣì lè ronú pìwà dà."

Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

A gòkè dé ibi ìsinmi. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Mo rí ìyá Abígéèlì lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kò rí ìsinmi ọjọ́ kan láyé! Lẹ́yìn rẹ̀ ni àká ìlérí Ọlọ́run wà. Wọ́n so ìlérí mọ́ igi bí a ṣe ń so iṣu, ìkọ̀ọ̀kan sì ń mí. Mo wá ti ojú Abígéèlì lọ, mo wá a bọ̀. Mi ò rí i. Mo figbe ta: "Ẹ ti jí i!"

"A kì í jí nǹkan níbí," ni amọ̀nà mi wí. "Ìlérí yẹn kò dé ibí rí. Olúwa kò sọ ọ́."

"Kò sọ ọ́ kẹ̀? Gbogbo ìjọ ló ṣe Àmín sí i!"

"A gbọ́ Àmín náà. Ó gòkè dé ibí, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé, kò rí i."

Mo ti múra láti bá Ọlọ́run jà, mi ò mọ̀ pé ìjà yẹn ló rọrùn. Ẹni tí a jọ ń fọwọ́ bọ àwo kan náà ló dalẹ̀ mi. Mo sunkún títí, mo wá bi amọ̀nà mi pé, "Kí wá ni Olúwa ṣèlérí fún un?"

Ó fọwọ́ kan ìlérí kan tó ń mí jẹ́jẹ́. "Pé ibikíbi tó bá lọ, Òun yóò wà níbẹ̀."

"Títí kan ọsibítù?"

"Títí kan orí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti pè yín. Ẹ̀yin ni ẹ ò wá."

Mo ta jí, iyanrìn kún ẹnu mi.

Lánàá, mo lọ bá Wòlíì nílé. Mi ò jókòó. Mo ní, "Wòlíì, ṣé Ó wí bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ní, "Bàbá Fẹ́mi, àánú ìyàwó yín ló ṣe mí. Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́, Olúwa ò ní jẹ́ kójú tì mí." Ẹ gbọ́ o! Nítorí kójú má ti wòlíì, ojú aya mi fọ́.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí tó wà láàárín èmi àti Wòlíì ṣì ń ro mí nínú, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀, kò ṣèlérí kankan. Ó ní òun á gbìyànjú, ó sì ní ká má fi falẹ̀. Nítorí náà mo kìlọ̀ fún yín, àtàgbà àtọmọdé: bí Olúwa kò bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká lè sọ fún aláìsàn pé Kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa lọ. Abígéèlì wà nínú mọ́tò níta, ojú kan ló kù fún un, mi ò sì lè fi í dúró gbọ́ ìran ẹlòmíràn.