Eyín Tí Don Evaristo Fi Pamọ́ Dè Mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bí èmi Ulises bá ní mo pa ẹja mẹ́wàá, ẹyọ kan ló wà nínú agbọ̀n, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíì ló pa á. Ti òní yìí, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun. Láti Kérésì ni mi ò ti lè pa irọ́ kan tó dùn létí ara mi, bí mi ò bá sì pọ̀ ọ́ síta, á pa mí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà nílùú wa ní California ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọ àwọn tó ń ká èso àjàrà bíi tèmi ti máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó lọ yunifásítì. Iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni mo lọ kọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá níbẹ̀, kálukú ló máa mú ẹni tó máa fọ eyín ẹ̀ wá, eyín ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ dọ̀tí dáadáa, kí èérí ẹ̀ ti le bí òkúta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á lé yín padà. Ṣe là ń wo ẹnu èèyàn kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.

Bàbá ìsàmì mi, Don Evaristo, ni mo rí. Fèrè idẹ ló ń fọn. Tó bá fọn ọ́n níbi ìsìnkú, òkú gan-an á máa wá bàtà ijó. Mo wo ẹnu ẹ̀, orí mi wú: èérí ti kọ́lé alájà síbẹ̀! Mo ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Ọwọ́ mi yìí, mo lè fọ eyín kìnìún kó má ta jí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ẹnu ẹ á kó bá ẹ lọ́jọ́ kan. Ó dáa, mò ń fi í pamọ́ dè ẹ́."

Kẹ́mísìrì wá lù mí bí ẹní lu bàrà. Mo sá. Mo bọ́ sí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ sísọ: mo fi ẹnu ẹlẹ́nu sílẹ̀, mo lọ ń tọ́jú tèmi. Ta ni ò lè yí ẹ̀kọ́ padà? Àmọ́ Don Evaristo ti ń pè mí ní "dókítà ọmọ mi" lójú gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un? Mo dákẹ́.

Ọjọ́ kan ló pè mí lórí fóònù. "Yesenia, ọmọ Chayo tẹ́ ẹ jọ ń kọ́ṣẹ́, ń bẹ̀ mí kí n wá jókòó fún òun lọ́jọ́ ìdánwò. Àwọn eyín iwájú yìí ti ń mì, ọmọ mi. Ṣé kí n lọ?"

"Ẹ lọ" ni mo ní láti sọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó sórí àga yẹn, Yesenia á sọ fún un pé mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Mo ní, "Yesenia kẹ̀! Tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé! Ó ya ètè ìyá kan lọ́jọ́sí, títí dòní ìyá yẹn ò lè mu ọbẹ̀. Fèrè yín ńkọ́? Ẹ dúró dè mí."

"Háà, ètè mi! Mi ò lọ mọ́. Màá dúró dè ẹ́."

Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ balẹ̀ tó ti Yesenia ní kíláàsì wa. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di irinṣẹ́ mú.

Yunifásítì gbà mí. Don Evaristo wá fi fèrè sìn mí, títí ajá àdúgbò fi ń gbè é. Láàárín orin ló dákẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó fajúro. Mo rí i. Mo wọ mọ́tò.

Nígbà tí mo délé fún Kérésì, à ń kọrin láti ilé dé ilé, mi ò gbọ́ fèrè. Àbẹ́là ni Don Evaristo mú lọ́wọ́. Eyín iwájú mẹ́rin ti lọ lókè. Mo ní, "Bàbá, fèrè yín dà?"

"Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde." Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí. "Má bínú, ọmọ mi. Mi ò lè fi í pamọ́ dè ẹ́ mọ́. Ṣé ìdánwò ẹ ò ní bàjẹ́ báyìí?"

Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi! Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Wọ́n ti sún un síwájú."

Yesenia, jọ̀ọ́, forí jì mí. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ yí ẹ̀kọ́ yín bó ṣe wù yín, àmọ́ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ yà nílé ẹni tẹ́ ẹ ní kó dúró dè yín. Bàbá, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Kò sí ìdánwò kankan. Ẹ má dúró dè mí mọ́.